Bí Mo Ṣe Fẹsẹ̀ Lásán Dé Ibi Ìkórè Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìgándò tí mò ń tiro kiri àdúgbò ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rín in lẹ́ẹ̀kan náà kó tán.

Ètò

Ọmọ Ègùn ni ìyá mi, láti abúlé kan létí ọ̀sà, ní òdìkejì ẹnubodè, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìgándò, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé. Lọ́dọọdún ni ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní abúlé náà máa ń ṣe ìkórè, lọ́dọọdún ni ìyá mi máa ń pè mí pé kí n wá, lọ́dọọdún ni mo sì máa ń dá a lóhùn pé ọ̀nà kò dáa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọ̀nà dáa. Èmi gan-an ni mi ò dáa. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Akọ́wọnjọ. Tí ọjọ́ Ẹtì bá ti pé, ohun tó máa ń wù mí ni kí n nà gbalaja síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí n máa bú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Lọ́dún yìí, wọ́n yan ìyá mi ní Ìyá Ìkórè. Ẹni tí wọ́n bá yàn sípò yìí, òun ni yóò ru apẹ̀rẹ̀ èso wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì tò tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi bí. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Délé, tí mo bá wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà tí mi ò rí ọ, má wulẹ̀ pè mí mọ́. Ó tán." Kò pariwo, kò sunkún. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rù sì bà mí gan-an, torí mo mọ ìyá mi. Tó bá ti ní ó tán, ó tán náà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn awakọ̀ akérò daṣẹ́ sílẹ̀. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, láti Ìgándò dé Ìyànà-Ìbá títí dé ọ̀nà Àgbádárìgì, kò sí bọ́ọ̀sì kankan. Ọ̀kadà ò sì gbọdọ̀ gba títì wa. Ó dà bíi pé Ọlọ́run gbọ́ irọ́ tí mo ti ń pa láti ọdún mẹ́rin, ó wá sọ ọ́ di òótọ́.

Mo mú ìwé àti gègé, mo jókòó, mo sì kọ ètò kìíní, ètò kejì àti ètò kẹta. Fọlákẹ́ ìyàwó mi gbà á, ó kà á.

"Bàbá Tómi, bọ́ọ̀sì wà nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo mọ̀. Mò ń ronú lọ́wọ́ ni."

Ibi tí mo ti ń ronú ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn: kí n wọ sùtánà mi, aṣọ funfun ìjọ wa, kúrò nílé. Ta ni yóò rí èèyàn Ọlọ́run lójú títì tí kò ní gbé e? Ta ni yóò dá a dúró ní ẹnubodè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará ìjọ wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ẹ gbọ́ ọ: nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lásán ni yóò máa fi rìn títí yóò fi bọ́ ọ. Èyí kò ni wá lára, torí láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ń lọ ọ̀nà jíjìn, inú báàgì ló ń ká sùtánà sí.

"Ẹ wọ ṣòkòtò yín, jàre," Fọlákẹ́ ní. "Ẹ gbé sùtánà sínú báàgì. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo èèyàn kọ́ ló lọ́gbọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi bàtà àti ṣòkòtò kan sínú báàgì nígbà náà."

"Kò sáyè. Búrẹ́dì mẹ́fà tí mò ń gbé lọ fún Màmá ti kún un."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. "Ó dáa. Ẹsẹ̀ yín ṣá ni."

Wòlíì ojú títì

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo jáde, sùtánà mi funfun báláú, báàgì búrẹ́dì léjìká. Mo dúró lójú títì, mo rọra gbé ojú sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, mo ń retí ẹni tí yóò gbé mi. Ọkọ̀ àdáni mẹ́ta kọjá. Ẹni tó wà nínú ìkẹta juwọ́ sí mi, ó ní "Ẹ rántí wa ládùúrà o, Bàbá," ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ò tíì mọ títì tó ti Ìgándò lọ sí Ìyànà-Ìbá. Inú ọkọ̀ lẹ ti ń wò ó. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́, ó ní ìdérí ìgò, ó ní ìṣó tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá. Kí n tó rìn ìdajì ọ̀nà, mo ti mọ gbogbo wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ní ibùdókọ̀ kan, àwọn èèyàn pọ̀ tí wọ́n dúró láìrí ọkọ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ rí mi, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ gbàdúrà fún mi." Kí n sọ òótọ́, akọrin lásán ni mí nínú ìjọ. Àní ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi mí sí, níbi tí ohùn mi ò ti ní ba orin jẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ti kúnlẹ̀? Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà. Ó ṣe àmín. Ó dùn mọ́ mi. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Bàbá kan tó gbé àpótí lọ́wọ́ sún mọ́ mi. "Wòlíì, kí lẹ rí? Ìgbà wo ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí máa parí?"

Mi ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ óò rí bọ́ọ̀sì."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ kíá. Àwọn tó ti fẹ́ padà sílé jókòó. Ẹnì kan pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé òun ń bọ̀, wòlíì ti sọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi ní àga. Mi ò lè dìde lọ, torí ta ni yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ní dúró wò ó? Mo jókòó, mò ń wo oòrùn bó ṣe ń gòkè, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó rọra.

Oòrùn kan àtàrí. Bọ́ọ̀sì ò dé. Ìyá àgbàlagbà kan yíjú sí mi, ó ní, "Wòlíì, ó ti kan án o."

Mo dìde kí n lè yọ́ lọ. Àfi bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀dà títì tí oòrùn ti dáná sí. Mo ta gìrì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo gbé èkejì, mo ń fò, mo ń pariwo "Ye! Ye!" Ni ẹnì kan bá kígbe pé, "Ẹ̀mí ti gùn ún o! Ẹ yà fún un!" Wọ́n là sọ́tùn-ún sósì. Mo fò gba àárín wọn kọjá, mi ò sì dẹ́kun fífò títí mo fi rí ibi tí koríko wà. Mi ò wẹ̀yìn. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe ẹ̀mí. Ọ̀dà ni.

Ẹ̀yìn típà

Ẹni tó gbé mi níkẹyìn kì í ṣe ará ìjọ wa rárá. Káríìmù lorúkọ rẹ̀, típà tó ń kó yanrìn ló ń wà. Bó ṣe rí mi tí mò ń tiro létí títì, ó dúró. "Àlùfáà, ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo sọ fún un. Ó ní Àgbádárìgì lòun náà ń lọ, ṣùgbọ́n iwájú ti kún. Mo gun ẹ̀yìn, mo jókòó lé yanrìn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí òjò fi dé. Yanrìn àti òjò pàdé lára sùtánà mi.

Nígbà tí òjò dá, ó dúró ra ẹ̀wà, ó pè mí sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Kò sí búrẹ́dì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà náà. Mo yọ ọ̀kan nínú ti ìyá mi. A jẹ ẹ́ tán, ó tún wo báàgì. Mo yọ èkejì.

"Ìyá yín ṣì wà láyé?" ó bi mí.

"Ó wà, a dúpẹ́."

"Ẹ ti rí i gbẹ̀yìn tó ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rin." Mo yára fi kún un pé, "Ọ̀nà ni, ẹ mọ̀ bí ọ̀nà yìí ṣe rí."

Káríìmù rọra jẹ oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Èmi, ojoojúmọ́ ni mò ń gbà á," ó ní. Kò fi ṣe ẹ̀gàn rárá. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, mo dá wà lẹ́yìn típà, mi ò sì rí nǹkan kan rò tó lè dá mi láre.

Ọ̀kadà ló gbé mi láti ibẹ̀ dé ẹnubodè. Ẹ rántí pé mo ní wọn ò ní dá ẹni tó wọ sùtánà dúró. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Òṣìṣẹ́ kan wo ara mi látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá aládùúrà, ṣé wọ́n jà yín lólè ni?" Mo ní rárá. Ó ṣí báàgì mi, ó fi ìka kan tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀, sà."

Ó pa báàgì náà dé, ó ní kí n máa lọ.

Ànàgó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgándò, tí a bá jà, Ègùn ni àwọn ọmọ àdúgbò fi ń bú mi nítorí ìyá mi. Bí mo ṣe kọjá ẹnubodè báyìí, ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ pè mí ní Ànàgó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Mo ní máàkì gidi nínú èdè Faransé nílé-ìwé, mo sì ti múra láti fi í yangàn. Àṣé "bọ́n-jú" nìkan ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Mo fi kí ọlọ́kadà, ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo sì tún kí i ní bọ́n-jú.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Ọlọ́kadà náà ń sáré díẹ̀, ó ń kí èèyàn púpọ̀. Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọ̀nà náà. Èmi tí mo ti Èkó wá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà abúlé jẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a dé ibi tí ọ̀kadà ò lè kọjá mọ́. Ó fà mí lé ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó bá a sọ̀rọ̀ lédè Ègùn, ó sì padà.

Ìyá náà kò bi mí ní ohunkóhun. Ó fi àga fún mi, ó wọlé lọ, ó gbé omi tútù jáde nínú igbá mímọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Omi! Láti òwúrọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ń jó mi bí iná. Mo dúpẹ́ títí, mo gba igbá náà, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ó tutù dé ọkàn. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo agboolé ń wò mí. Ìyá náà gba igbá, ó wọlé, ó sì tún bu òmíràn wá.

Oúnjẹ alẹ́ wọn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n rò, ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi rò ó dípò omi lásán, ó wá pọ́n dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà sí i. Mo jẹ ẹ́ débi pé wọ́n tún bu òmíràn fún mi láìbéèrè.

Ìyàwó ọmọ ìyá náà, Sẹ̀nàmì, gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Nígbà tí mo ń dágbére láàárọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi àná yẹn, mímu ni o. Tí àlejò bá dé ọ̀dọ̀ wa, omi la kọ́kọ́ ń fún un mu kí a tó bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Ojú tì mí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìyá ní ká fi yín sílẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ni òùngbẹ ń gbẹ."

Ó na sálúbàtà ọkọ rẹ̀ sí mi. Mo wo sálúbàtà náà bí ẹni ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n sùtánà nìkan ni mo ní láti wọ̀, mi ò sì lè fi bàtà tẹ àṣẹ ìjọ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè ìyá mi. Mo dúpẹ́, mo sì tẹ̀ síwájú.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹrẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà etí ọ̀sà náà. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì tí mo ṣubú ni mo gbọ́ agogo, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí ojú ìyá mi lọ́kàn mi, bó ṣe ń wo ẹ̀yìn tí kò rí mi. Mo gbàgbé ìrora, mo sáré.

Ọkùnrin kan tó di àmùrè búlúù mú mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó ń wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú sùtánà ẹlẹ́rẹ̀, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí mo wọ̀ kí wọ́n lè gbà mí níbi gbogbo ni wọn ò jẹ́ kí n fi wọlé. Mo na ọrùn wo inú ilé. Ìyá mi wà níwájú pẹpẹ, apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ó ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ó rọra yíjú padà, apẹ̀rẹ̀ lórí, ó wo ẹ̀yìn.

Mo kígbe, "Màmá!"

Orin dúró. Ìyá mi wò mí, ó wo ẹrẹ̀ ara mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti wú. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Ègùn. Mo gbọ́ ìyẹn: "Ọmọ mi nìyẹn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò yé mi rárá. Ilé bú sí "Alelúyà!" Àwọn obìnrin sáré jáde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún. Bàbá kan kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó sì gbójú sókè ọ̀run. Ọkùnrin alámùrè náà ti bọ́ sùtánà tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn. Èèyàn kúkúrú ni, sùtánà rẹ̀ kò kọjá orúnkún mi. Olùṣọ́ ìjọ fúnra rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀ fún ìjọ, ó wá yí i sí Yorùbá nítorí mi:

"Ọmọ Ìyá Ìkórè tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ ní Èkó láti ọdún mẹ́rin! Ẹni tí a ti ń gbààwẹ̀ fún! Ẹ wò ó, ó ń rìn!"

Mo ṣí ẹnu. Mo wo ìyá mi. Ó ti kọjú sí pẹpẹ.

Kí ni kí n ṣe? Mo tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo jó. Bí mo ṣe ń tiro tó ni àwọn èèyàn ń yọ̀ tó, torí ẹni tó bá rí mi á mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nínú àìsàn ni mí lóòótọ́.

Ilé ìyá mi

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá kí mi kú ewu. Àwọn tó wá láti abúlé kejì ní kí n dìde kí àwọn náà lè rí i, mo sì rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá fún wọn. Ìyá kan gbé ewúrẹ́ wá. Ó ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún kejì àìsàn mi. Mo gbà á. Kò sí ọjọ́ tí mo ti kéré lójú ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi kì í purọ́. Òun ni yóò sọ fún àlejò nílé wa pé ọbẹ̀ ò tó, tí bàbá mi yóò fi máa wo ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó ku àwa méjì, tó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀ tó ń fi òrí ra á, mo bi í.

"Màmá, àìsàn wo lẹ ní ó ń ṣe mí?"

Kò gbójú sókè. "Mi ò dárúkọ àìsàn kankan. Wọ́n bi mí pé ọmọ mi ńkọ́, mo ní ara rẹ̀ ò yá."

"Ṣùgbọ́n ara mi yá, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sùn, tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò wá wo ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, o fẹ́ kí n sọ fún àwọn èèyàn pé ara rẹ̀ yá?"

Omi dà lójú mi, mi ò sì nù ún. Ó tún bu òrí sọ́wọ́.

"Gbé ẹsẹ̀ kejì wá," ó ní.